Awólọ́wọ̀ pàdánù ìbò, ọmọ tálákà ríwèé kà

Àwọn àgbà Ìfọ̀, Mowé àti Ìbafò tó wọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1955 láìsanwó kò lè gbàgbé Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀.

Ìkẹ́nnẹ́ ni wọ́n ti bí i lọ́jọ́ kẹfà, oṣù kẹta, ọdún 1909. Bàbá rẹ̀ kú lọ́dún 1920, ìyà sì jẹ ẹ́ kó tó kàwé. Ó ṣe tíṣà, ó tẹ táìpù, ó ra kòkó tà. Ilé ló jókòó sí tó fi gboyè ìmọ̀ ìṣòwò ti Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1944.

Nígbà tó di olórí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, ó mọ̀ pé owó ni wọ́n fi ń ṣe ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́, ó sì fi kún owó orí. Inú bí aráàlú. Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ fìdí rẹmi nílé ara rẹ̀ nínú ìbò àpapọ̀ ọdún 1954. Síbẹ̀, kò yẹsẹ̀. Lọ́dún 1955, ọmọ tó lé ní 800,000 ló wà níléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀.

Ó kọ ìwé lórí ètò ìlú láti ọdún 1947. Ó kọ òmíràn lẹ́wọ̀n ní Kàlàbá.

Ó du ipò ààrẹ lọ́dún 1979 àti 1983, kò wọlé. Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù karùn-ún, ọdún 1987 ló dolóògbé. Ìwé táwọn ọmọ ìgbà náà kà kò bá a lọ.