Alùfáà Samuel Johnson, Oníṣẹ́ Àlàáfíà ní Ogun Kírìjì

Ní oṣù yìí a mú ìtàn ìgbésí ayé Alùfáà Samuel Johnson wá síwájú yín. Bóyá ẹnìkan nínú ìjọ wa ní Adó-Èkìtì yóò bi wá pé kí ni ọmọ Ọ̀yọ́ tí a tọ́ ní Ìbàdàn ń ṣe nínú ìwé ìròyìn wa, nígbà tí ó jẹ́ pé ogun Ìbàdàn ni ó kó púpọ̀ nínú àwọn baba wa lẹ́rú. Ìbéèrè náà tọ́. Òun gan-an ni ó sì mú wa kọ̀wé yìí.

A bí i ní Hastings, ní ilẹ̀ Sàró, ní June 24, 1846. Ọmọ Ọ̀yọ́ tí ó ti inú oko ẹrú bọ́ ni baba rẹ̀, ìdílé Aláàfin Abíọ́dún ni ó sì ti ṣẹ̀. Nígbà tí Samuel jẹ́ ọmọ ọdún 11, baba rẹ̀ kó ìdílé rẹ̀ bọ̀ wá sí Ìbàdàn láti ran Alùfáà David Hinderer lọ́wọ́. Kò pẹ́ tí ogun Ìjàyè fi bẹ́ sílẹ̀ ní 1860. Ọ̀nà Èkó dí, owó àti ẹrù kò wọlé mọ́, ebi sì wọ ilé Míṣọ́n. Báyìí ni ọmọ náà ti mọ̀ láti kékeré pé ìyà ogun kì í mọ sórí ọmọ ogun nìkan. A máa wọ inú ìkòkò obìnrin àti ọmọdé tí kò mọ ìdí ìjà.

Ó kẹ́kọ̀ọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ní Abẹ́òkúta, ó sì di olùkọ́ ní Ìbàdàn ní 1866. Ó jẹ́ katikíìsì ní Arẹ̀mọ ní 1875, díákónì ní 1880, àti àlùfáà ní 1888. Ọ̀yọ́ ni ó ti ṣe olùṣọ́-àgùntàn títí ó fi kú.

Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ ìtàn lẹ́nu àwọn àgbà mọ bí ogun Kírìjì ti ṣe bẹ̀rẹ̀. Ìnira àwọn ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn pọ̀ jù ní Èkìtì. Ní 1878, Fábùnmi ti Òkè-Ìmẹ̀sí dìde sí wọn, Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà sì parapọ̀, Ògèdèngbé sì di olórí ogun. Àgọ́ Èkìtì wà ní ìhà Ìmẹ̀sí-Ilé, ti Ìbàdàn wà ní ìhà Igbájọ, tí wọ́n fi ń gbọ́ ìró ìbọn ara wọn. Síbẹ̀ Odùduwà kan náà ni wọ́n ń pè ní baba. Àwọn obìnrin Èkìtì tí a kó lẹ́rú ti bímọ ní ilé Ìbàdàn. Bí baba bá sì jáde lọ sógun, àwọn arákùnrin ìyá ọmọ rẹ̀ ni ó lè bá pàdé ní pápá.

Ní 1881, Aláàfin Adéyẹmí fẹ́ kí Gómìnà Èkó bá wọn parí ìjà náà. Johnson ni ó ru ìwé rẹ̀ lọ, nígbà tí àwọn ọ̀nà sí etí òkun léwu. Iṣẹ́ náà kò so èso kánkán, ṣùgbọ́n kò sú u. Ní 1886, Gómìnà Moloney rán òun àti Alùfáà Charles Phillips ti Òǹdó, ẹni tí ó di Bíṣọ́ọ̀bù ní 1893. Johnson lọ sọ́dọ̀ Aláàfin àti Ìbàdàn. Phillips lọ sọ́dọ̀ Èkìtìparapọ̀. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó ru ìbọn. Ọ̀rọ̀ ni wọ́n rù. A fi ọwọ́ sí ìwé àdéhùn ní June 4, 1886, a sì kéde àlàáfíà ní àgọ́ méjèèjì ní September ọdún náà. Ṣùgbọ́n ìjà Ọ̀fà àti ti Modákẹ́kẹ́ kò tíì tán, kò sì sí ìsinmi pátápátá títí di 1893.

Ó parí ìwé ìtàn Yorùbá tí ó kọ ní 1897. Ìwé náà sọnù ní Ìlú Ọba. Arákùnrin rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, tún un tò, a sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1921. Àwọn ará Èkìtì máa ń wí pé ìwé náà gbé Ọ̀yọ́ ga jù. A kò jiyàn. Kí àwọn ọmọ wa kọ tiwọn. Ṣùgbọ́n kò bo ìwà ìkà àwọn olórí ogun Ìbàdàn mọ́lẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò pa ìwọra àwọn ajẹ́lẹ̀ mọ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àárín àwọn ènìyàn wọ̀nyí ni a ti tọ́ ọ dàgbà. Ó ṣòro fún ènìyàn láti jẹ́rìí sí ẹ̀ṣẹ̀ ará ilé rẹ̀.

Ó sùn ní April 29, 1901. Nígbà náà ọ̀pọ̀ ìgbèkùn ti padà sílé. Ọ̀kan nínú wọn ni Babamúbọ̀ní, ẹni tí ó mú Ìhìnrere wá sí Adó wa yìí. Ogun ni ó gbé e lọ. Àlàáfíà ni ó ṣí ọ̀nà ilé fún un.

Ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin ará, ìjà ààlà ilẹ̀ kò tíì tán láàrin àwọn ìlú wa. Bí ó bá tún dé, ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ béèrè ẹni tí ebi ń pa ní ìhà kejì, kí a sì rí nínú ìjọ wa ẹni tí yóò gba ọ̀nà náà lọ.