Nicolas Poussin, Ayàwòrán Ìfẹ́ àti Ìfara-ẹni-rúbọ

Nígbà tí a bá ń ka àwọn ayàwòrán ńlá ilẹ̀ Yúróòpù ní sáà tí a ń pè ní Baroque, a kò lè ṣàì dárúkọ Nicolas Poussin. Nítòsí ìlú Les Andelys ní ilẹ̀ Faransé ni a gbé bí i ní ọdún 1594.

Ní nǹkan bí ọdún 1623, nígbà tí ó wà ní Páríìsì, akéwì ará Ítálì kan, Giambattista Marino, rí ọgbọ́n ọwọ́ rẹ̀, ó sì ní kí ó fi gègé àti tàdáwà ya àwọn ìtàn Ovid, akéwì Róòmù àtijọ́, fún òun. Ìtàn Acis wà nínú wọn, ẹni tí òmìrán Polyphemus fi àpáta pa nítorí pé Galatea fẹ́ràn rẹ̀. Windsor ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni àwòrán wọ̀nyí wà lónìí.

Ní ọdún 1624 Poussin dé Róòmù. Àìsàn dá a wólẹ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n ìdílé alásè kan tí í ṣe ọmọ ilẹ̀ rẹ̀ tọ́jú rẹ̀ títí ara rẹ̀ fi yá. Ní ọdún 1630 ó fi Anne-Marie, ọmọbìnrin ilé náà, ṣe aya. Nígbà tí ó ṣe, Ọba Louis Kẹtàlá ránṣẹ́ pè é, ó sì fún un ní ilé àti owó. Ṣùgbọ́n ìlara àwọn ará ààfin àti iṣẹ́ àṣekúdórógbó sú u. Ní ọdún 1642 ó tọrọ àyè láti lọ mú aya rẹ̀ wá. Kò sì padà mọ́.

Ní ọdún 1651 ó ya Pyramus àti Thisbe. Ìjì ń tẹ igi, mànàmáná ń kọ, Thisbe sì ń sáré bọ̀ síbi òkú olólùfẹ́ rẹ̀. Pyramus ti rò pé kìnnìún ti pa á jẹ, ó sì ti fi idà gún ara rẹ̀. Idà náà ni Thisbe fi tẹ̀lé e. Àwa kò yin ẹni tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gba ẹ̀mí ara rẹ̀, nítorí Ọlọ́run ni ó ni ẹ̀mí. Ìfara-ẹni-rúbọ mìíràn ń bẹ tí ó yẹ kí a wò, èyíinì ni ti ayàwòrán náà fúnra rẹ̀.

Ní ọjọ́ ogbó rẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ìgbọ̀n náà hàn nínú ìlà àwọn àwòrán gègé rẹ̀, síbẹ̀ kò fi gègé sílẹ̀. Ní ọdún 1664 Anne-Marie kú. Ní ọdún kan náà ó fi àwòrán Apollo àti Daphne ta Kádínà Camillo Massimi lọ́rẹ láìparí, nítorí ọwọ́ rẹ̀ kò gbà á mọ́. Ní ọjọ́ 19 oṣù kọkànlá, ọdún 1665, ó sùn ní Róòmù.

Ní ọjọ́ kan ṣoṣo ni Thisbe fi ẹ̀mí rẹ̀ lélẹ̀. Poussin fi agbára tirẹ̀ lélẹ̀ díẹ̀díẹ̀ fún ohun tí ó ju ogójì ọdún lọ. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa, irú èyí ni iṣẹ́ olùkọ́ yóò béèrè lọ́wọ́ wa.