Harald Bluetooth: Ọba tó sin bàbá rẹ̀ tẹ̀yẹtẹ̀yẹ, tí ibojì tirẹ̀ sì di àwátì

Kò sí ẹni tó ń lo fóònù lónìí tí kò mọ Bluetooth. Orúkọ ọba ni. Harald Bluetooth jọba ní Denmark láti nǹkan bí ọdún 958, nígbà àwọn Viking, àwọn ará àríwá Yúróòpù tó ń fi ọkọ̀ ojú omi jagun tí wọ́n sì ń fi ṣòwò. Ó so ilẹ̀ náà pọ̀ di ọ̀kan. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi fi orúkọ rẹ̀ pe ohun tó ń so fóònù pọ̀.

Gorm ni bàbá rẹ̀, Thyra ni ìyá rẹ̀. Ní nǹkan bí 965, Harald di Kìrìsìtẹ́nì. Ó gbé òkúta ńlá kan kalẹ̀ ní ìlú Jelling, ó kọ orúkọ àwọn òbí rẹ̀ sí i. Òkúta náà ṣì wà níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n wú òkìtì ńlá tó wà ní àríwá ṣọ́ọ̀ṣì ìlú náà ní 1820, wọ́n bá yàrá ibojì, ṣùgbọ́n wọn kò bá òkú. Ní 1978, wọ́n rí egungun ọkùnrin kan lábẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì ọ̀hún. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé Gorm ni, pé Harald ló hú bàbá rẹ̀ tó gbé e wọ ilé Ọlọ́run. Wọ́n tún egungun náà sin síbẹ̀ ní 2000.

Harald fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ní nǹkan bí 985, Sweyn ọmọ rẹ̀ dìtẹ̀ mọ́ ọn. Ó fara gbọgbẹ́, ó sá lọ sọ́dọ̀ àwọn Wend, ní etí òkun tó di ti Poland lónìí. Ìdálẹ̀ ló wàjà sí. Adam ará Bremen, àlùfáà tó kọ ìtàn rẹ̀ ní nǹkan bí 1075, sọ pé àwọn ọmọ ogun gbé òkú rẹ̀ padà sí Roskilde, sínú ṣọ́ọ̀ṣì tó kọ́. Títí di òní, wọn kò rí egungun rẹ̀ níbẹ̀. Ní 2022, àwọn kan fi àwòrán sátẹ́láìtì sọ pé abẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì Wiejkowo ní Poland ló wà. Àwọn mìíràn kò gbà.

Ṣé wọ́n gbé e relé ni, àbí ìdálẹ̀ ló sùn sí? Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí wa. Nínú àwọn bàbá wa tó kọ́kọ́ dé ìhín, a gbé àwọn kan relé, a sin àwọn kan síbí. Àwọn ọmọ wọn mọ ibojì. Àwọn ọmọ-ọmọ ńkọ́? Bí a bá lè máa wá ibojì ọba fún ẹgbẹ̀rún ọdún, ti mẹ̀kúnnù yóò tètè parẹ́. Kí ìdílé kọ̀ọ̀kan kọ orúkọ òkú wọn, ọdún tó kú àti ibi tí a sin ín sí sínú ìwé, kí wọ́n sì mú àwọn ọmọ débẹ̀. Àgbà kò ní tán nílẹ̀ wa o.