Michael Faraday, Ọmọ Alágbẹ̀dẹ tí ó Wọ Igi Láṣọ Bàbà

Ẹnu lè ya ẹlòmíràn pé ọmọ Odò-Ẹrẹ̀ ní ilẹ̀ Yàgbà fi àwọn akọni tiwa sílẹ̀, ó wá ń kọ ìtàn òyìnbó sínú ìwé ẹgbẹ́ Yorùbá. Igi ni ó fà á. Ẹ̀kọ́ nípa igi ni mo ń kọ́ ní yunifásítì. Lọ́dọ̀ wa, igi ni ó gbé òrùlé dúró, ọ̀tá méjì ni ó sì ní: ikán nígbà gbogbo, àti iná nígbà ọyẹ́ tí koríko bá gbẹ tán. Lónìí, àwọn onímọ̀ ń fi pólímà tí iná mànàmáná lè gbà kọjá sínú igi, kí igi náà lè dènà ìgbì rédíò, kí ó má sì tètè jó. Bí mo ti ń tọpa ibi tí ọgbọ́n yìí ti ṣẹ̀, ipasẹ̀ mẹ́ta ni mo tọ̀, ilé ọkùnrin kan náà ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì já sí.

Ọjọ́ 22 oṣù kẹsàn-án ọdún 1791 ni wọ́n bí Michael Faraday ní Newington Butts, tí ó ti di ara Lọ́ńdọ̀nù báyìí. Alágbẹ̀dẹ ni bàbá rẹ̀, àìlera kò sì jẹ́ kí ó lè ṣiṣẹ́ bí ó ti yẹ, nítorí náà ìyà jẹ wọ́n. Ìwé díẹ̀ àti ìṣirò díẹ̀ ni ọmọ náà rí kọ́. Ó pé ọmọ ọdún 14, wọ́n mú un lọ kọ́ṣẹ́ ìwé dídì lọ́dọ̀ George Riebau, ó sì lo ọdún 7 níbẹ̀. Ìwé tí wọ́n bá gbé fún un pé kó dì, yóò kọ́kọ́ kà á. Báyìí ni ó ṣe ka ọ̀rọ̀ iná mànàmáná nínú Encyclopaedia Britannica, tí ó sì ka ìwé kẹ́mísírì tí Jane Marcet kọ. Ọ̀gá mìíràn ì bá ti nà án pé ó ń fi iṣẹ́ ṣeré. Riebau kò ṣe bẹ́ẹ̀.

Ní ọdún 1812 oníbàárà kan fún un ní tíkẹ́ẹ̀tì láti lọ gbọ́ ẹ̀kọ́ Humphry Davy ní Royal Institution. Ó kọ gbogbo ohun tí ó gbọ́ sílẹ̀, ó fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ dì í, ó sì fi í ránṣẹ́ sí Davy. Oṣù kẹta ọdún 1813 ni wọ́n gbà á síṣẹ́. Nígbà tí wọ́n rin ìrìn àjò lọ sí ilẹ̀ Faransé àti Ítálì, bí ọmọ ọ̀dọ̀ ni ìyàwó Davy ń lò ó. Ó fara dà á.

Ní ọdún 1825, ó rí bẹ́ńsíìnì nínú omi ọlọ́ràá tí ó ṣẹ́kù lára gáàsì tí wọ́n fi ń tan iná. Láti ara bẹ́ńsíìnì ni àwọn mìíràn ti wá ń ṣe anílíìnì lẹ́yìn náà. Ọdún 1831 ni ó fi mágnẹ́ẹ̀tì àti wáyà bí iná mànàmáná. Ọmọ iṣẹ́ yẹn ni jẹnẹrétọ̀ tí kì í jẹ́ ká sùn.

Ní ọdún 1833 ó sọ̀rọ̀ ní gbangba lórí ọgbọ́n John Howard Kyan, ẹni tí ń rẹ pákó sínú omi tí ó ní oògùn mẹ́kúrì kí ó má baà jẹrà. Májèlé gidi ni oògùn náà, n kò sì ní gba káfíńtà kankan nímọ̀ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni pé igi ní ihò tóótòòtó nínú, ohun tí a bá sì rẹ wọ inú rẹ̀ lè yí ìwà rẹ̀ padà.

Èyí tí ó dùn mọ́ mi jù ni ti ọdún 1836. Faraday kan àgò ńlá kan tí gígùn, ìbú àti gíga rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 12. Igi fúyẹ́fúyẹ́ ni egungun rẹ̀. Ó ta wáyà bàbà káàkiri ara igi, ó fi bébà bò ó, ó lẹ tánńganran fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ mọ́ ọn, ó sì gbé e ka orí ohun tí kò ní jẹ́ kí iná ráyè sá wọ ilẹ̀. Wọ́n yí ẹ̀rọ títí iná fi ń ta pàrà lára àgò náà síta. Faraday wà nínú rẹ̀, òun àti àbẹ́là tí a tàn àti ohun èlò tí ó fi ń wá iná. Kò rí iná mànàmáná kankan nínú ibẹ̀. Ara òde ni gbogbo rẹ̀ dúró sí. Igi lásán kò lè ṣe é. Aṣọ tí ó wọ̀ ni ó ṣe é.

Aṣọ yẹn ni pólímà ń ṣe lónìí. A ó rẹ igi sínú anílíìnì, a ó fi èròjà mìíràn sí i, anílíìnì yóò sì so pọ̀ di pólíanílíìnì nínú ihò igi náà, igi yóò wá dúdú. Bí ásíìdì tí ó ní fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì bá wà nínú rẹ̀, bí iná bá kàn án, ojú igi yóò tètè di èédú, èédú náà yóò sì dábùú ooru àti gáàsì. Gáàsì tí igi ń tú jáde ni ó ń jó ní ọwọ́ iná; irú ọ̀rọ̀ yìí ni Faraday fi àbẹ́là ṣàlàyé fún àwọn ọmọdé ní ìparí ọdún 1860. Ọdún 1977 ni Shirakawa, MacDiarmid àti Heeger fi hàn pé pólímà lè gbé iná bí irin. Wọ́n gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 2000.

Faraday kọ oyè Sir, ó sì kọ̀ láti jẹ́ ààrẹ Royal Society. Ó kú ní ọjọ́ 25 oṣù kẹjọ ọdún 1867 ní Hampton Court, nínú ilé tí Ọbabìnrin Victoria yọ̀ǹda fún un, wọ́n sì sin ín sí Highgate. Ọdún 5 ṣáájú ikú rẹ̀, ní Lọ́ńdọ̀nù kan náà, Henry Letheby fi iná mànàmáná sínú omi anílíìnì, nǹkan aláwọ̀ dúdú kan sì lẹ̀ mọ́ irin rẹ̀. Pólíanílíìnì ni.