María Sabina: Ìyá tó ń ṣe Àìsùn pẹ̀lú Aláìsàn

Ẹni tó bá ń gbé Òkè Padre n'Ìbàdàn mọ̀ pé àwọn àlùfáà Ìjọ Àgùdà ni wọ́n fi sọ òkè náà lórúkọ. Padre ni àwọn Potogí ń pe àlùfáà. Ìtumọ̀ rẹ̀ gan-an ni bàbá. Àwọn tó ń sọ èdè Sípéènì náà ń lo ọ̀rọ̀ kan náà. Bí padre ṣe wà n'Ìbàdàn, bẹ́ẹ̀ náà ló wà ní Huautla de Jiménez, ìlú kékeré kan lórí àwọn òkè Oaxaca ní orílẹ̀-èdè Mẹ́síkò.

Ará Huautla ni obìnrin tí mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ fún yín. Ó ń lọ sí máàsì lọ́dọ̀ padre, ó sì wà nínú ẹgbẹ́ Ọkàn Mímọ́ Jésù, ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ bá ṣú, olú ló fi ń wo aláìsàn. Kì í ṣe olú ọbẹ̀ o. Ẹni tó bá jẹ olú yìí á máa rí ìran, á máa gbọ́ ohùn, ìrònú rẹ̀ á sì yí padà fún wákàtí mélòó kan. Orúkọ obìnrin náà ni María Sabina. Ó yẹ kí àwa tí a ń kọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè mọ̀ ọ́n dáadáa, nítorí pé ọ̀rọ̀ ẹnu ló fi ṣe iṣẹ́ rẹ̀.

Ní nǹkan bí ọdún 1894 ni wọ́n bí i. Ọmọ ẹ̀yà Mazatec ni, èdè Mazatec nìkan ló sì gbọ́. Kò lọ sí ilé ìwé, kò mọ̀ọ́kọ, kò sì mọ̀ọ́kà. Bàbá rẹ̀, Crisanto Feliciano, kú nígbà tó ṣì kéré, ni ìyá rẹ̀ bá kó òun àti àbúrò rẹ̀, María Ana, lọ sí ilé àwọn òbí tirẹ̀. Òṣì wà níbẹ̀ gan-an. Àmọ́ ní ìdílé bàbá rẹ̀, bàbá àgbà rẹ̀ àti bàbá tó bí bàbá àgbà náà wà lára àwọn tí àwọn Mazatec ń pè ní chjota chjine, ìyẹn àwọn tó mọ̀. Nígbà tó wà lọ́mọdé, ó rí bí ọ̀kan nínú irú wọn ṣe fi olú àti orin tọ́jú ìbátan rẹ̀ kan lóru. Lẹ́yìn náà, nígbà tí òun àti María Ana ń da ẹran, ebi pa wọ́n, wọ́n rí irú olú náà, wọ́n sì jẹ ẹ́. Bó ṣe kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n nìyẹn.

Ọmọ ọdún 14 ni nígbà tí wọ́n fi í fún ọkọ, oníṣòwò kan tó ń jẹ́ Serapio Martínez. Ó bí ọmọ mẹ́ta fún un kí ọkùnrin náà tó kú. Ní gbogbo àsìkò tó fi wà nílé ọkọ, kò fọwọ́ kan olú, nítorí pé òfin wà: ẹni tó bá fẹ́ jẹ ẹ́ kò gbọdọ̀ bá ọkùnrin tàbí obìnrin lò pọ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin ṣáájú, àti ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn rẹ̀. Ìgbà tó di opó ni àìsàn María Ana le, tí àwọn oníṣègùn kò rí i tì. Sabina jẹ olú púpọ̀ lóru ọjọ́ náà. Nínú ìran, ó rí àwọn ẹ̀dá ńlá kan tí wọ́n gbé ìwé kan lé e lọ́wọ́; òun tí kò mọ̀ọ́kà bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìwé náà. Ìwé náà kò sí mọ́ nígbà tí ojú rẹ̀ wálẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kò kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ara María Ana yá. Ọkọ kejì wá lẹ́yìn náà, ó ń mu ọtí, ó sì ń nà án. Ìgbà tí ọkùnrin náà kú ni Sabina wá gbé gbogbo ayé rẹ̀ fún iṣẹ́ ìwòsàn.

Ọ̀rọ̀ èdè Sípéènì tí wọ́n ń pe ètò náà ni velada, ìyẹn àìsùn. Aláìsàn á wá pẹ̀lú ohun tó ń ṣe é àti ìbéèrè tó fẹ́ béèrè. Ẹbí rẹ̀ á wà níbẹ̀. Wọ́n á ti pa èèwọ̀ ọjọ́ mẹ́rin mọ́. Wọ́n á jókòó níwájú pẹpẹ tí àwòrán àwọn ẹni mímọ́ wà, wọ́n á sun tùràrí, wọ́n á jẹ olú ní méjì-méjì, wọ́n á sì pa àbẹ́là. Nínú òkùnkùn yẹn ni Sabina á ti máa kọrin, tí á máa pàtẹ́wọ́, títí ilẹ̀ á fi máa mọ́. Bí ojúmọ́ bá sì mọ́, ọ̀rọ̀ kò tíì parí: ọjọ́ mẹ́rin mìíràn wà níwájú tí wọ́n á fi ṣọ́ ara wọn.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ lórí èdè rẹ̀. Èdè olóhùn ni Mazatec bíi Yorùbá. Ohùn mẹ́ta ni tiwa. Mẹ́rin ni ti Huautla. Kenneth Pike lò ó nínú ìwé rẹ̀ lórí àwọn èdè olóhùn ní 1948. Lọ́dún kan náà, George Cowan kọ ọ́ pé àwọn ọkùnrin Mazatec lè fi súfèé nìkan bá ara wọn sọ̀rọ̀ láti òkè dé òkè, nítorí pé súfèé ń gbé ohùn èdè náà bí gángan ṣe ń gbé tiwa. Nínú orin Sabina, ọ̀rọ̀ kékeré kan wà tó máa ń wá lópin ìlà: tso. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni ó wí. Ta ló wí? Olú ni. Bí babaláwo kò ṣe ní sọ pé òun ni òun ní ọ̀rọ̀, tó jẹ́ pé Ifá ní á máa sọ, bẹ́ẹ̀ ni Sabina kò fi orin náà pe tara rẹ̀. Ẹnu lásán ló yá olú.

Ìwé lẹ́tà kan tí Eunice Pike, àbúrò Kenneth, tó jẹ́ míṣọ́nnárì àti onímọ̀ èdè ní Huautla, kọ wà lára ohun tó mú Gordon Wasson, ọ̀gá kan ní báńkì J.P. Morgan ní New York, wá sí ìlú náà. Ní òru ọjọ́ 29, oṣù kẹfà, ọdún 1955, Wasson àti ayàwòrán rẹ̀ jẹ olú náà pẹ̀lú Sabina. Cayetano García, tó wà nípò àṣẹ nílùú, ló ní kó gbà wọ́n, kò sì lè kọ̀ fún un. Ara Wasson le. Ṣáájú rẹ̀, aláìsàn ni wọ́n ń ṣe àìsùn fún. Òun wá láti rí ohun tí olú náà ń fi han ènìyàn. Ní 1957, ó kọ ìtàn náà sínú ìwé ìròyìn Life. Ó pa orúkọ Sabina dà sí Eva Mendez, ṣùgbọ́n àṣírí náà kò pẹ́ tú. Ní 1958, Albert Hofmann, onímọ̀ kẹ́míkà ará Switzerland, yọ psilocybin jáde nínú olú náà. Ní 1962, òun fúnra rẹ̀ gbé e lọ fún Sabina ní oníhóró, ìyá náà sì gbà pé agbára olú wà nínú rẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn ni èrò ya lu Huautla. Àwọn ọ̀dọ́ láti Amẹ́ríkà àti Yúróòpù ń wọ́ wá, wọn kò ṣàìsàn, wọn kò pa èèwọ̀ kankan mọ́, wọ́n ń jẹ olú ní ọ̀sán gangan, ní ojú títì. Ní 1969, ìjọba kó ṣọ́jà dí ọ̀nà ìlú náà. Àwọn ará ìlú kan bínú sí Sabina. Iná sun ilé rẹ̀. Ọlọ́pàá wá tú u wò, wọ́n sì fi ẹ̀sùn kàn án. Ní ọjọ́ ogbó rẹ̀, ó sọ ọ́ pé láti ìgbà tí àwọn àjèjì ti dé ni agbára àwọn olú náà ti dínkù.

Orúkọ rẹ̀ di ńlá, àpò rẹ̀ kò kún. Wọ́n gbé orin rẹ̀ sínú àwo rẹ́kọ́ọ̀dù ní 1957. George Cowan àti ìyàwó rẹ̀, Florence, da orin àìsùn rẹ̀ kọ ní Mazatec, wọ́n sì túmọ̀ rẹ̀ sínú ìwé tó jáde ní 1974. Ní 1977, Álvaro Estrada, ọmọ bíbí Huautla tó gbọ́ èdè rẹ̀, gbé ìtàn ayé rẹ̀ jáde láti ẹnu ìyá náà. Ó kú sí ilé ìwòsàn ní ìlú Oaxaca ní ọjọ́ 22, oṣù kọkànlá, ọdún 1985, nínú òṣì.

Lónìí, àwọn dókítà ní Amẹ́ríkà ń dán psilocybin wò fún àwọn aláìsàn kan. Nínú ìwádìí tí wọ́n ṣe ní Johns Hopkins, tó jáde ní 2006, ẹni tó fẹ́ lò ó ní láti kọ́kọ́ bá àwọn olùtọ́jú jókòó fún wákàtí bíi mẹ́jọ. Wọ́n á wà pẹ̀lú rẹ̀ lọ́jọ́ náà, wọ́n á sì tún bá a jókòó lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n ka èyí sí ìmọ̀ tuntun. Sabina ti ń ṣe é kó tó mọ̀ pé báńkì kan wà ní New York. Nítòsí wa níbí, nígbà tí Dókítà Adéoyè Lámbò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Àrò l'Ábẹ́òkúta ní 1954, kò lo olú kankan, ṣùgbọ́n ó ní kí aláìsàn ọpọlọ mú ẹbí kan ó kéré tán dání, kí wọ́n jọ gbé ní abúlé tó wà nítòsí ilé ìwòsàn, kí ẹbí náà máa dáná fún un, kí ó sì máa sìn ín lọ gba ìtọ́jú.

Ìdí tí mo fi kọ ìtàn yìí nìyí. A mọ àwọn ọ̀rẹ́ wa tó ń mu kolorádò àti àwọn nǹkan mìíràn ní họ́sítẹ́lì, ní àwọn nìkan, láìsí ìbéèrè kankan lọ́kàn wọn, láìsí ẹni tó máa dúró tì wọ́n kí ilẹ̀ tó mọ́. Bí orí bá dàrú, àwa ni à ń sá. Ohun tí àwọn èrò Huautla gbé lọ ni olú. Ohun tí wọn kò lè gbé ni ọjọ́ mẹ́rin ṣáájú, ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn, ẹbí tó jókòó nínú òkùnkùn, àti ìyá kan tó ń kọrin ní èdè tí aláìsàn gbọ́.