Antonio Panizzi, Olùtọ́jú Ìwé

Ní ọdún 1797 ni a bí Antonio Panizzi ní Brescello, ìlú kékeré kan létí odò Po, ní ilẹ̀ Modena tí ó ti di ara orílẹ̀-èdè Ítálì. Ó kẹ́kọ̀ọ́ òfin ní ìlú Parma, ó sì gboyè ní ọdún 1818. Ìbá ti ṣe iṣẹ́ agbẹjọ́rò rẹ̀ títí di ọjọ́ alẹ́, ṣùgbọ́n ó bá ẹgbẹ́ ìkọ̀kọ̀ kan dìmọ̀ lòdì sí ìjọba aninilára tí ó wà lórí ilẹ̀ náà. Àṣírí tú ní ọdún 1822, ó sì fi ẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Ní ọdún kejì wọ́n dá ẹjọ́ ikú fún un lẹ́yìn. Wọ́n tilẹ̀ fi ìwé ránṣẹ́ sí i ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pé kí ó san owó tí wọ́n ná lórí ẹjọ́ náà, àti ti ẹni tí ìbá yẹgi fún un. Panizzi fèsì bí ẹni pé òkú ni ó ń kọ̀wé láti ọ̀run.

Èdè Ítálì ni ó ń kọ́ àwọn ènìyàn ní Liverpool kí ó tó lè jẹun. Ní ọdún 1828 ó di olùkọ́ èdè náà ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga tuntun ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní ọdún 1831 a gbà á sí ilé ìkàwé ńlá British Museum. Nígbà tí ó sì di ọdún 1837, òun ni a fi ṣe olórí ẹ̀ka àwọn ìwé títẹ̀. Inú ọ̀pọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò dùn pé àjèjì ni ó gba ipò náà.

Àtòjọ orúkọ ìwé tí ó bá níbẹ̀ jẹ́ ìdìpọ̀ méje tí a tẹ̀ láàárín ọdún 1813 sí 1819. Bí ìwé tuntun bá ti ń dé ni àwọn akọ̀wé ń fi ọwọ́ kọ orúkọ rẹ̀ sí àwọn òfìfo ewé tí a fi sí àárín rẹ̀. Ẹni tí kò ṣe irú iṣẹ́ yìí rí lè rò pé kò sí wàhálà kankan nínú rẹ̀: kí a ṣáà wo iwájú ìwé, kí a da orúkọ kọ. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a fi ìwé kan tí ó súnmọ́ wa ṣe àpẹẹrẹ. Ní ọdún 1843 ni a tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá tí Samuel Àjàyí Crowther kọ jáde ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní ọdún 1852 òmíràn tún jáde tí ó gbòòrò ju ti ìṣáájú lọ. Akọ̀wé tí ìwé kejì bá tẹ̀ lọ́wọ́ ní láti kọ́kọ́ ṣí àtòjọ, kí ó wá òǹkọ̀wé náà kàn, kí ó sì fi èyí tí ó dé wé èyí tí ó wà nílẹ̀. Ṣé ìwé kan náà ni? Ọdún wo ni a tẹ̀ ẹ́? Kí ni a fi kún un? Bí ó bá jẹ́ ọ̀kan náà, a lè ti fi owó ra ohun tí a ti ní. Bí ó bá yàtọ̀, ẹ̀gbẹ́ èkíní ni àyè rẹ̀ wà. Bí akọ̀wé kan bá sì ti kọ èkíní sábẹ́ Àjàyí, tí òmíràn kọ èkejì sábẹ́ Crowther, olùkàwé tí ó rí ọ̀kan kò ní mọ̀ láéláé pé ìkejì rẹ̀ wà.

Ohun tí Panizzi rí nìyí tí àwọn ọ̀gá rẹ̀ kò rí. Òun àti àwọn mẹ́rin tí ó ń bá a ṣiṣẹ́, John Winter Jones, Thomas Watts, Edward Edwards àti John Humffreys Parry, jókòó, wọ́n sì ṣe òfin 91 tí gbogbo akọ̀wé yóò máa tẹ̀ lé, kí orúkọ ẹnì kan má baà di ti ẹni méjì, kí gbogbo ìtẹ̀jáde iṣẹ́ kan sì lè wà lójú kan. A tẹ òfin wọ̀nyí ní ọdún 1841.

Àwọn alábòójútó ilé náà ń kánjú. Wọ́n pàṣẹ pé kí a tẹ àtòjọ tuntun jáde ní tẹ̀lé-n-tẹ̀lé, láti orí lẹ́tà A. Panizzi bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n dúró, nítorí pé bí a bá ṣe ń tú pẹpẹ ìwé kiri ni a óò máa bá àwọn tí orúkọ wọn bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú A pàdé. Wọn kò gbọ́. Ìdìpọ̀ A jáde ní 1841 náà, pẹ̀lú gbogbo àléébù tí ó ti wí, kò sì sí èkejì tí ó tẹ̀ lé e.

Síbẹ̀ òun ni wọ́n ń dá lẹ́bi. A kò lè pè é ní oníwà tútù. Ó máa ń gbaná jẹ, àwọn ọ̀tá rẹ̀ kò sì kéré. Thomas Carlyle, ògbóǹtarìgì òǹkọ̀wé, wà lára wọn. Ní ọdún 1847 a gbé ìgbìmọ̀ olùwádìí kalẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ilé náà. Akọ̀wé ìgbìmọ̀ yìí, John Payne Collier, gbà pé iṣẹ́ tí a lè yára ṣe ni Panizzi ń fà bí ẹni fa okùn. Láti fi hàn bẹ́ẹ̀, ó mú ìwé 25 nínú ti ara rẹ̀, ó sì kọ orúkọ wọn sílẹ̀ ní wàràwàrà. Panizzi kò jiyàn. Ó gbé ìwé náà fún Winter Jones pé kí ó yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ wo ohun tí Jones bá níbẹ̀! Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí irú àṣìṣe tí ènìyàn lè ṣe nínú iṣẹ́ náà tí Collier kò ṣe, bẹ́ẹ̀ ìwé tirẹ̀ ni, mélòó sì ni wọ́n? Nígbà tí ìgbìmọ̀ jábọ̀ ní ọdún 1850, ti Panizzi ni wọ́n gbè sí.

Ní àkókò kan náà ni a wá ọ̀nà tuntun. A ń kọ orúkọ ìwé kọ̀ọ̀kan sórí ìwé pélébé, a sì ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú ìwé ńlá lọ́nà tí a fi lè ṣí i kúrò. Bí ìtẹ̀jáde tuntun bá dé, a óò sún àwọn yòókù, a óò sì fi í sí àyè rẹ̀ láìba ohunkóhun jẹ́. Kò sì yá jù, nítorí òfin 1842 ti pàṣẹ pé kí àwọn atẹ̀wé ilẹ̀ náà fi ẹ̀dà kan ṣọwọ́ sí British Museum, Panizzi kò sì bẹ̀rù láti pe ẹni tí ó bá kọ̀ lẹ́jọ́. Ìwé ń ya wọlé bí omi òjò.

Ní ọdún 1856 ó di olórí gbogbo ilé náà. Ní ọdún 1857 a ṣí gbọ̀ngàn ìkàwé rìbìtì tí òun fúnra rẹ̀ kọ́kọ́ ya àwòrán rẹ̀. Ó fi iṣẹ́ sílẹ̀ ní 1866, a fi oyè Sir dá a lọ́lá ní 1869, ó sì kú ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọjọ́ 8 oṣù kẹrin ọdún 1879. Lẹ́yìn ọdún méjì a tún bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ àtòjọ ńlá náà jáde. Lọ́tẹ̀ yìí, kò dúró ní A. Ó dé Z.