Àlùfáà Samuel Johnson, Akẹ́kọ̀ọ́ àti Òǹkọ̀wé

Kò sí òwúrọ̀ kan tí a kì í rí àwọn ọ̀dọ́ ní Ọbanikoro yìí tí wọ́n ń wá ọkọ̀ tí yóò gbé wọn gba Bàrígà lọ sí Yunifásítì Èkó ní Akọka. Bí ó bá jẹ́ òfin tàbí ìṣègùn ni ọmọ ń kọ́, inú bàbá àti ìyá rẹ̀ a dùn. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ẹ̀kọ́ ìtàn ni, tàbí ẹ̀kọ́ èdè, tàbí ìmọ̀ ọgbọ́n orí, wọn a bẹ̀rẹ̀ sí í bi í léèrè ohun tí yóò fi ṣe láyé. Ọmọ náà pàápàá a sì máa kùn pé ìwé tí àwọn olùkọ́ ń ní kí òun kọ pọ̀ jù, àti pé bí òun ti ń kọ ọ́ ni wọ́n ń dá a padà pé kí òun tún un kọ. Nítorí irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ àti àwọn òbí wọn ni a ṣe fẹ́ rántí Àlùfáà Samuel Johnson nínú ìwé wa ti oṣù yìí. Orúkọ rẹ̀ kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni tí ó mọ̀wé ní ilẹ̀ Yorùbá, ṣùgbọ́n díẹ̀ ni ó mọ ọ̀nà tí ó gbà di òǹkọ̀wé.

A bí i ní Hastings, ní ilẹ̀ Sàró, ní ọjọ́ 24 oṣù June, ọdún 1846. Bàbá rẹ̀, Henry Johnson, jẹ́ ọmọ Ọ̀yọ́ láti inú ìdílé Aláàfin Abíọ́dún. Ogun ni ó kó o lẹ́rú, tí a sì dá a sílẹ̀ lómìnira sí ilẹ̀ Sàró. Ìdílé náà kò kéré nínú ìwé. Henry, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà, di olórí àlùfáà ní apá òkè odò Ọya. Nathaniel di àlùfáà. Obadiah sì di oníṣègùn. A ó tún pàdé Obadiah níwájú.

Ní ọdún 1858 ni bàbá wọn kó wọn padà wá sí ilẹ̀ baba wọn láti ran Àlùfáà David Hinderer lọ́wọ́ ní Ìbàdàn, wọ́n sì ń gbé ní Kúdẹ́tì. Ọmọdé ṣì ni Samuel nígbà tí ogun Ìjàyè bẹ́ sílẹ̀ ní 1860. Ọ̀nà dí, owó kò lè ti etíkun wọlé mọ́, ebi sì wọ ilé Hinderer tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ń ta ẹrù ilé láti ra oúnjẹ. Ọmọkùnrin náà rí ogun àti ìyàn pẹ̀lú ojú ara rẹ̀ kí ó tó mọ̀ pé òun yóò kọ ìtàn wọn.

Nígbà tí ó di ọdún 1863, a rán an lọ sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ tí C.M.S. dá sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta. Ilé ẹ̀kọ́ yìí kan náà ni ó ṣí lọ sí Èkó lẹ́yìn tí a lé àwọn òyìnbó kúrò ní Abẹ́òkúta ní 1867, tí ó sì wá fìdí kalẹ̀ sí Ọ̀yọ́ ní 1896 tí a fi ń pè é ní St. Andrew's College. Olórí rẹ̀ nígbà náà ni Gottlieb Bühler, òyìnbó ará Jámánì. Ọkùnrin yìí kò gbà pé kíka Bíbélì àti ìṣirò díẹ̀ ti tó fún ẹni tí yóò jẹ́ olùkọ́ ní abúlé. Ó kọ́ wọn ní Bíbélì, ó kọ́ wọn ní èdè Gẹ̀ẹ́sì àti èdè Yorùbá, ó kọ́ wọn ní ìṣirò, ó sì tún kọ́ wọn ní ìtàn ayé àti ìmọ̀ nípa ilẹ̀ àti orílẹ̀-èdè gbogbo. Àwọn kan nínú àwọn òyìnbó ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kùn sí èyí. Wọ́n bẹ̀rù pé ẹ̀kọ́ tí ó ga tó báyìí yóò sọ àwọn ọmọ náà di agbéraga. Ní tiwa, a rò pé ẹ̀rù tí ó bà wọ́n kò tọ́. Ọdún mẹ́ta ni Samuel lò níbẹ̀, tàbí kí ó má tilẹ̀ pé mẹ́ta, nítorí ní òpin 1865 ni ó parí. Ṣùgbọ́n ohun tí ó gbé jáde níbẹ̀ tó o títí di ọjọ́ ikú.

Ó padà sí Ìbàdàn, ó di olùkọ́ ní Kúdẹ́tì ní 1866, lẹ́yìn náà a fi ilé ẹ̀kọ́ ti Arẹ́mọ kún un fún un. Ní 1875 ó di katikíìsì. Ibí yìí ni ohun tí ó kan àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa wà. Òfin C.M.S. ni pé kí òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan máa kọ ìròyìn iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, kí ó sì máa fi í ránṣẹ́ sí Lọ́ńdọ̀nù. Ọ̀pọ̀ ka èyí sí ẹrù wíwúwo, wọn a kọ ọ́ ní kíákíá, wọn a sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Johnson kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ọdún dé, ọdún lọ, ó ń kọ ọjọ́ tí nǹkan ṣẹlẹ̀, ibi tí ó ti ṣẹlẹ̀, ẹni tí ó sọ̀rọ̀ àti ẹni tí ó dáhùn, ìjòyè tí ó kú àti èyí tí a fi rọ́pò rẹ̀. Àwọn ìròyìn náà wà ní ìpamọ́ ní Yunifásítì Birmingham títí di òní. Ìwé tí a ní dandan kí ó kọ yìí ni ó tọ́ ọwọ́ rẹ̀ dàgbà.

Ohun kan sì ń dùn ún. Ó rí i pé ọmọ Yorùbá tí ó kàwé mọ ìtàn àwọn Gẹ̀ẹ́sì, ti Róòmù àti ti Gíríìkì pàápàá, ṣùgbọ́n kò mọ nǹkankan nípa ti ilẹ̀ tí a gbé bí baba rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbà tí ó mọ̀ ọ́n ń kú lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò torí èyí bú ìwé àwọn àjèjì, nítorí òun náà fẹ́ràn wọn. Ṣùgbọ́n ó fi ọ̀nà tí àwọn wọ̀nyẹn gbà kọ ìtàn tiwọn ṣe àpẹẹrẹ fún ti wa.

Ó tọ àwọn arọ́kin ààfin Ọ̀yọ́ lọ fún ìtàn àwọn ọba àtijọ́. Fún ìtàn ogun tí kò tíì pẹ́, ó jókòó ti àwọn tí ogun náà ṣojú wọn: David Kúkọ̀mí, àgbà ìjọ Ìbàdàn, tí ó ti jagun rí kí ó tó di onígbàgbọ́, àti Lágùnjú, Tìmì Ẹdẹ, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí òpìtàn. Ẹ wo bí ó ti ṣe nípa ibi tí àwọn Yorùbá ti ṣẹ̀ wá. Ó kọ ohun tí a sọ fún un sílẹ̀, pé láti Mẹ́kà ni; lẹ́yìn náà ó sọ gbangba pé òun kò gbà á, ó sì ro ìdí rẹ̀, ó wá fi èrò ara rẹ̀ sílẹ̀ pé ó jọ pé láti apá ilẹ̀ Íjíbítì ni wọ́n ti wá. Àwọn onímọ̀ òde òní kò gba ti Íjíbítì yìí náà. Ṣùgbọ́n ó ṣeé ṣe fún wọn láti jà á níyàn nítorí pé kò da ohun tí ó gbọ́ pọ̀ mọ́ ohun tí ó rò.

A kò ní sọ pé kò ní àbùkù. Ojú ọmọ Ọ̀yọ́ ni ó fi wo ọ̀pọ̀ nǹkan, bẹ́ẹ̀ ni àwọn Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú àti Èkìtì kò sì rí ara wọn dáadáa nínú rẹ̀. Ó yẹ kí ẹni tí ó bá ń kà á fi èyí sọ́kàn.

Wọ́n fi í jẹ díákónì ní 1880, àlùfáà ní 1888, Ọ̀yọ́ ni ó sì ti ṣiṣẹ́ títí dé òpin ayé rẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ nínú ogun Kírìjì, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1877, tó ìwé kan fún ara rẹ̀. Ní 1881 ó bá Aláàfin Adéyẹmí kọ ìwé sí gómìnà Èkó pé kí ó wá là wọ́n. Ní 1886 sì ni òun àti Àlùfáà Charles Phillips ń rìn láàárín ibùdó Ìbàdàn àti ti Èkìtìparapọ̀ títí tí wọ́n fi tọwọ́ bọ̀wé àlàáfíà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó di 1893 kí ogun náà tó tán pátápátá.

Ní 1897 ó parí ìwé ìtàn àwọn Yorùbá tí ó ti ń kọ láti ọjọ́ pípẹ́. Ní 1899 a fi í ránṣẹ́ sí òǹtẹ̀wé kan ní Ìlú Ọba. A retí, a kò gbọ́ nǹkankan. Nígbà tí Obadiah dé ìlú òyìnbó ní 1900, ó tọ òǹtẹ̀wé náà lọ. Ohun tí a sọ fún un ni pé a kò rí ìwé náà mọ́, wọn yóò sì san owó rẹ̀. Iṣẹ́ tí ènìyàn fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe! Ó ṣe Obadiah àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní kàyéfì gidigidi, wọ́n sì fura pé ọ̀rọ̀ náà ní abẹ́nú. Johnson kò rí àyè tún un kọ. Ó kú ní ọjọ́ 29 oṣù April, ọdún 1901, ní ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́ta.

Ọpẹ́lọpẹ́ pé kì í ju ìwé nù. Àwọn àkọsílẹ̀ kéékèèké àti èyí tí ó kọ́kọ́ kọ kí ó tó tún un kọ dáadáa ni ó fi sílẹ̀ jọ pelemọ. Obadiah wò wọ́n, ìwọ̀n iṣẹ́ náà bà á lẹ́rù, àwọn aláìsàn rẹ̀ kò sì jẹ́ kí ó ráyè. Ọ̀pọ̀ ọdún kọjá kí ó tó fọwọ́ kàn án. Nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀, láti orí dé ẹsẹ̀ ni ó tún un kọ. Ó parí, ó sì fi í ránṣẹ́ nínú ọkọ̀ Appam ní oṣù January 1916, nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní. Ọkọ̀ ogun Jámánì mú Appam lójú òkun, ó sì darí rẹ̀ lọ sí ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ó ju ọdún kan lọ kí a tó rí ẹrù ìwé náà, kí ó sì tó dé ọ̀dọ̀ àwọn òǹtẹ̀wé. Ní 1921 ni ìwé náà jáde, ojú ewé rẹ̀ ju 600 lọ. Obadiah ti kú ní 1920.